Ilé Ìbàdàn Lórí Omi Bourgogne

Ọkọ̀ náà kò lè yára, bí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ kó yára. Lórí odò àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní Canal de Bourgogne, ní ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè Faransé, ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí wọ́n sọ di ilé ìgbafẹ́ kì í sáré ju ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko láìkánjú. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà tóóró tó wà létí omi, tó sì ń rìn jẹ́jẹ́, yóò dé ibodè omi tó kàn ṣáájú ọkọ̀, yóò jókòó, yóò sì dúró dè é. Ohun tí ìyá ẹni àádọ́rin ọdún kan ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn fún ọjọ́ mẹ́fà nínú oṣù Kẹsàn-án, pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn àti bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọkọ̀ kan náà.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń gbé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní apá gúúsù odò Thames, níbi tí èdè Yorùbá ti ń dún lójú ọjà bí ẹni pé Mókólá ni. Ọmọ mẹ́ta ló bí: ọkùnrin àkọ́bí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́, obìnrin tó jẹ́ olùkọ́, àti àbíkẹ́yìn ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná. Ọkọ rẹ̀ papò dà ní ọdún méjì ṣáájú ìrìn-àjò yìí. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, wọ́n sin ín sí Ìbàdàn, wọ́n sì ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un bó ti yẹ. Ohun tó fi sílẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó fi owó iṣẹ́ òru Lọ́ńdọ̀nù kọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá gbáko. Kò kọ ìwé ìhágún.

Ilé yìí ló dá ìjà sílẹ̀. Àkọ́bí ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n sì pín owó rẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ bí kò ṣe ìbátan kan tó ń ṣọ́ ọ, òrùlé sì ti ń jò. Ọmọ kejì fárí gá pé ẹnikẹ́ni kò ní ta ilé bàbá òun níṣojú òun. Àbíkẹ́yìn kò bìkítà bóyá wọ́n tà á tàbí wọn kò tà á. Ìpín tirẹ̀ ló ń béèrè, kó lè fi san àsansílẹ̀ owó ilé tó fẹ́ rà fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kì í pe ara wọn mọ́ lórí fóònù. Kérésìmesì dé, oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ nílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Màmá kò dá sí i. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pè é láti rojọ́ èkejì, yóò gbọ́ ọ tán, yóò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun.

Àkọ́bí ló gbèrò ìrìn-àjò náà. Dípò kó háyà gbọ̀ngàn fún ayẹyẹ àádọ́rin ọdún ìyá wọn, odidi ọkọ̀ ló háyà fún ọ̀sẹ̀ kan: yàrá mẹ́ta, atukọ̀, alásè, ẹni tó ń mú àlejò rìn kiri, oúnjẹ àti ọtí, gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú owó kan. Kò sí àlejò mìíràn nínú ọkọ̀ tí ènìyàn bá háyà báyìí. Ìyá gba yàrá kan, obìnrin gba ọ̀kan, ọkùnrin méjèèjì sì jọ wà nínú ẹ̀kẹta. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí ọmọ ìyá rẹ̀ kò ní ibi tí yóò sá gbà, àfi tó bá fẹ́ bẹ́ sómi.

Ìgbéraga ni àbúrò rẹ̀ obìnrin kọ́kọ́ pè é. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ló gbọ́ iye tí wọ́n san: ó lé ní 30,000 owó Yúrò. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi,” ó ní, “ẹ ní owó tí ẹ lè fi jókòó lórí omi fún ọjọ́ mẹ́fà, ẹ kò ní èyí tí ẹ lè fi ra páànù.”

“Owó mi ni. Mi ò tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ títí tí alásè fi kó àwo kúrò nílẹ̀.

Atukọ̀ náà jẹ́ ọmọ Faransé kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun, tó sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Òun ló sọ ìtàn odò náà fún wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì sí ìgbà náà, bóyá nítorí ó rí i pé ìtàn ló lè mú kí wọ́n jókòó pọ̀. Ọdún 1775 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, nígbà tí ọba ṣì ń jẹ ní Faransé. Ọba ṣubú, ogun jà, ìjọba mìíràn dìde, òun náà ṣubú; ọdún 1832 ni iṣẹ́ tó parí. Kìlómítà 242 ni gígùn rẹ̀, láti odò Yonne títí dé odò Saône, ibodè omi 189 ló sì wà lórí rẹ̀. Níbi tó ga jù lọ, ní Pouilly-en-Auxois, wọ́n ní láti dá òkè lu, wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ ilẹ̀ lọ fún ohun tó lé ní kìlómítà mẹ́ta. Inú àwọn adágún ńlá tí wọ́n gbẹ́ sórí òkè ni omi tó ń bọ́ odò náà ti ń wá. Bí ọ̀dá bá mú lọ́dún kan, apá kan lè di títì.

Igi, ọkà, òkúta àti ọtí ni àwọn ọkọ̀ ń kó nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1851, nígbà tí odò náà kò tíì pé ogún ọdún, ọkọ̀ ojú irin dé ìlú Dijon láti Paris. Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí omi. Lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó ọkà lánàá ni wọ́n pín inú wọn sí yàrá, tí wọ́n tẹ́ ibùsùn sí. Síbẹ̀, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà omi, Voies Navigables de France, ṣì ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

“Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rí òpin rẹ̀,” ni màmá sọ.

Àbíkẹ́yìn béèrè lọ́wọ́ atukọ̀ ìdí tí wọn kò fi dí odò náà pa nígbà tí kò mú èrè wá mọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ènìyàn ń gbé létí rẹ̀.

Ibi tó ga, tí wọ́n ń pè ní Escommes, ni wọ́n ti gbéra. Láti ibẹ̀ dé Dijon, ibodè omi tó lé ní 50 ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ìsọ̀kalẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀. Ibodè kọ̀ọ̀kan dà bí àpótí òkúta gbọọrọ tó ní ìlẹ̀kùn ńláńlá níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ yóò wọ inú rẹ̀, àyè tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kò sì ju ìbú ọwọ́ lọ. Wọn yóò ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọn yóò ṣí ojú ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ìlẹ̀kùn iwájú, omi yóò máa ṣàn jáde, ọkọ̀ yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ láìdún, títí tí àwọn tó ń wo oko lẹ́ẹ̀kan yóò fi rí i pé ògiri òkúta tútù ni wọ́n ń wò. Nígbà náà ni ìlẹ̀kùn iwájú yóò ṣí.

Púpọ̀ nínú àwọn ìlẹ̀kùn yìí ni wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ ṣí. Ní ọjọ́ kẹta, àbíkẹ́yìn fò sórí ilẹ̀ láti ran aṣọ́bodè lọ́wọ́. Ó fi èjìká ti igi gbọọrọ tí wọ́n fi ń ṣí ìlẹ̀kùn náà. Ìlẹ̀kùn kò mira. Ó tún tì í, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, àágùn bò ó. Aṣọ́bodè, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò tó ìdajì rẹ̀ ní ìwọ̀n, nawọ́ sí omi: ti inú àpótí ṣì ga ju ti òde lọ. Ó jókòó sórí igi náà, ó ń wo ojú omi. Nígbà tí omi méjèèjì dọ́gba, ó fi ẹ̀yìn tì í jẹ́jẹ́, ìlẹ̀kùn sì ṣí bí ìlẹ̀kùn yàrá. Màmá, tó ti dé ibẹ̀ ṣáájú, wà lórí ìjókòó létí ibodè. Ó rí gbogbo rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹrin ni ọkọ̀ kékeré gbé wọn lọ sí ìlú Beaune, sí ilé ìwòsàn àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Hôtel-Dieu. Ní ọdún 1443 ni Nicolas Rolin, olórí àwọn olùdámọ̀ràn ọba aládé Bourgogne, àti ìyàwó rẹ̀ Guigone de Salins dá a sílẹ̀ fún àwọn tálákà, lẹ́yìn tí ogun àti ìyàn ti ba agbègbè náà jẹ́. Òrùlé rẹ̀ kún fún àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè tí wọ́n tò bí aṣọ òfì. Nínú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀, ìlà ibùsùn méjì ló kọjú síra, aṣọ ìkélé pupa lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títí di ọdún 1971 ni wọ́n ṣì ń tọ́jú aláìsàn nínú ọgbà náà.

Àwọn ọmọ ti rìn dé ìkángun, ìyá wọn kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo àlàfo tó wà láàárín ibùsùn kan sí èkejì, ó wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ó wo ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì yóò gbà kọjá lóru láìjí ẹni tó ń sùn. “Ẹni tó kọ́ ibí yìí bi aláìsàn léèrè,” ó ní.

Ọgbà àjàrà ni àwọn olùfẹ́ ilé ìwòsàn náà fi ń ta á lọ́rẹ láti ìran dé ìran, ó sì ti tó nǹkan bí 60 hẹ́kítà báyìí. Láti ọdún 1859, wọ́n ń ta ọtí inú rẹ̀ ní gbàǹjo lóṣù Kọkànlá, owó náà sì ń lọ sí ìtọ́jú aláìsàn àti iṣẹ́ àánú. Ọmọ kejì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mú wọn kiri bóyá àwọn ìdílé tó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kò padà wá pín in. Ó ní rárá, kì í ṣe ti ẹnì kan mọ́. Obìnrin náà yí ojú padà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n náà rí èsì tirẹ̀ gbà lọ́jọ́ kejì. Ní Vougeot, odi òkúta kan yí ọgbà àjàrà tó tó 50 hẹ́kítà ká. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn láti Cîteaux ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìjọba gbà á lọ́wọ́ ìjọ nígbà tí wọ́n dojú ọba bolẹ̀, wọ́n sì tà á. Títí di ọdún 1889 ni gbogbo rẹ̀ ṣì ń wà lábẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo. Ọdún náà ni wọ́n pín in tà fún onírúurú ènìyàn. Òfin Faransé ti ọdún 1804, tó fún gbogbo ọmọ ní ìpín nínú ogún, sì ń gé ilẹ̀ Bourgogne sí wẹ́wẹ́ bí ìran ti ń tẹ̀lé ìran. Lónìí, nǹkan bí 80 olóhun ló wà nínú odi yẹn. Ẹlòmíràn kò ní ju ìlà àjàrà mélòó kan lọ.

“Ẹ rí i pé pínpín kò pa á,” ni àkọ́bí wí. “Ọtí rẹ̀ ṣì ń wọ́n bí wúrà.”

“Wọn kò wó odi rẹ̀,” ni àbúrò rẹ̀ dáhùn.

Olúkúlùkù ti rí ẹ̀rí tó gbé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wà láàárín ìlà, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gé ìdì àjàrà dúdú, wọ́n ń dà á sínú agbọ̀n, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Màmá kí wọn, ó ní ẹ kú iṣẹ́, lédè Yorùbá. Wọ́n juwọ́ sí i.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Wọ́n ti so ọkọ̀ mọ́ èbúté, Dijon kò jìnnà mọ́. Alásè se ẹran màlúù nínú ọtí pupa bí wọ́n ti ń sè é ládùúgbò náà, màmá sì yọ ìgò ata gígún láti inú àpò rẹ̀, ó wọ́n ọn sí i láìtọrọ àforíjì. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n dìbò lórí títà ilé náà. Àbúrò ní ìdìbò kò sí nínú ọ̀rọ̀ ẹbí. Ohùn lọ sókè. Ìyá wọn gbé ṣíbí kalẹ̀.

“Ọdún méjì rèé tí ẹ ti ń pín ilé yìí,” ó ní. “Ẹ ti tà á lẹ́nu, ẹ ti rà á padà lẹ́nu, ẹ ti fi san owó ilé mìíràn. Kò sí ọ̀kan nínú yín tó bi mí léèrè ibi tí mo fẹ́ gbé.”

Wọ́n dákẹ́.

“Mọ́mì, Lọ́ńdọ̀nù lẹ̀ ń gbé,” ni ọmọbìnrin rẹ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ.

“Ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Iṣẹ́ òru bàbá yín nìkan kọ́ ló kọ́ ilé yẹn. Tèmi náà wà nínú búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ fèrèsé ilé ìdáná síhà ibi tí oòrùn ti ń yọ. Mi ò tíì fi ojú fèrèsé yẹn wo òwúrọ̀ tó pé oṣù kan rí. Mo fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì lè gun àtẹ̀gùn.”

Àkọ́bí rántí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó. “Ọkọ mi, ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò?”

Àbíkẹ́yìn ló sọ èyí tó ṣòro. “Mọ́mì, ẹ má bínú. Ìpín tèmi ńkọ́? Owó ilé ń gbówó lórí níbẹ̀, ọmọ mi sì ń dàgbà nínú yàrá kan.”

Kò bá a wí. Òtítọ́ ló sọ, ó sì mọ̀ ọ́n. “Ìlẹ̀kùn tí o fi èjìká tì lọ́jọ́ sí,” ó ní, “kí ló dé tí kò ṣí?”

“Omi kò tíì dọ́gba.”

“Ó dára. Ilé náà kò sá lọ.”

Ìdílé yìí kọ́ nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Nínú àṣà Yorùbá, bí ọkùnrin bá kú láìkọ ìwé ìhágún, àwọn ọmọ ni wọ́n ń jogún ilé rẹ̀, yálà nídìí-igi tàbí lórí-ò-jorí. Ilé náà á di ilé ẹbí, ẹnì kan kò sì lè dá tà á láìsí ìfọwọ́sí olórí ẹbí àti àwọn àgbà inú rẹ̀. Ìyàwó kì í pín níbẹ̀. Ìpín ọmọ rẹ̀ ni ìpín rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ni, òfin ìjọba ya nǹkan sọ́tọ̀ fún opó, ṣùgbọ́n ìyá wo ló fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù nítorí yàrá tí yóò sùn? Ọwọ́ àwọn ọmọ ni gbogbo rẹ̀ padà wà. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun a máa fi owó ránṣẹ́, wọn a máa ra ìrìn-àjò, wọn a máa ṣe ayẹyẹ tí ènìyàn ń fẹ́ wò. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, nítorí pé olúkúlùkù rò pé òun ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò obìnrin jókòó lórí ọkọ̀, fóònù kan láàárín wọn, wọ́n ń bá ìbátan tó ń ṣọ́ ilé sọ̀rọ̀. Ìbátan náà gun òrùlé, ó fi fídíò hàn wọ́n ibi tí òjò ń gbà wọlé. Páànù yóò jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n, owó iṣẹ́ káfíńtà yóò jẹ́ ti àbúrò. Màmá yóò kọ́kọ́ lọ fún oṣù mẹ́ta, nínú ọyẹ́, kí wọ́n wo bí ara rẹ̀ yóò ti gbà á. Ọ̀rọ̀ títà ilé di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta náà tó pé. Wọn kò bẹ ara wọn. Àmọ́ nígbà tí fóònù ń kú lọ, ọ̀kan dìde lọ mú wáyà tirẹ̀ wá fún èkejì.

Dijon ni ìrìn-àjò náà parí sí. Àbíkẹ́yìn gbé àpótí ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí èbúté, ó gbé e dé ẹnu ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wọn lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì dúró.

“Mọ́mì, èmi ò tíì gbà o.”

“Mo gbọ́,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ṣé o ti jẹun?”